Ẹ̀rú Àáké Nínú Táǹkì

Gééjì katakata ti kú kí wọ́n tó gbé e dé Ìpótì.
Abẹ́rẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé ó kún ní gbogbo ìgbà,
bí àlejò onítìjú tó ní òun ti yó,
tí ikùn rẹ̀ sì ń kùn lábẹ́ aṣọ.

Bàbá mi yọ irin kúrò lórí àáké rẹ̀,
ó fá ẹ̀rú náà títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka,
ó fọ̀bẹ sàmì sí i lára, lítà kan, lítà kan.
Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Máa tì í bọnú táǹkì.
Ibi tó bá tutù dé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Èjìká ọ̀tún Bàbá kò gbé apá ròkè mọ́.
Ayìn ló jẹ ẹ́. Ogójì ọdún ayìn,
igi tí í bínú padà sí ẹni tó bá lù ú.
Nígbà náà, epo tirẹ̀ ni usu sísun méjì
(a kì í pè é ní iṣu nílé wa)
àti omi agbè kan.
Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sínú ìwé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ.
Ọjọ́ Ajé: igi obì, ìtì mẹ́rìnlélógún, lítà mẹ́ta.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ayìn, ìtì mọ́kànlá péré, lítà mẹ́ta àtààbọ̀.
Mo ní líle igi ni.
Ọjọ́rú: igi kòkó tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìtì mẹ́wàá,
lítà mẹ́rin!
Dísẹ́ẹ̀lì tí ọ̀kadà ń gbé wá láti Adó, tó wọ́n ju oyin lọ.
A ń lagi láràárọ̀, ẹgbẹ́ wa kò là.
Mo wo abẹ́ táǹkì bóyá ó ń jò.
Mo wo ojú Fámúyìwá tí ń wà á.
Ọlọ́run má bínú, mo tilẹ̀ gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Bàbá ní, "Dijú. Gbọ́."

Katakata ń ké. Apá irin ń ti igi sí eyín,
igi ní pàà!
Lẹ́yìn náà, kò sí pàà.
Katakata ń ké.
Jẹ́gẹ́dẹ́ ń wá bàtà rẹ̀, katakata ń ké.
Àwọn onígaàrí dé láti Ayégbajú, wọ́n ń ná ẹrù igi,
"Ẹgbẹ̀rún kan kọ́ lẹ tà á lọ́jọ́sí?"
katakata ń ké.
Ẹnìkan ń yí ìtì bọ̀ láti etí odò, ó ń sinmi lọ́nà,
katakata dúró dè é, ó ń mu, ó ń mu,
bí ọ̀mùtí tí agbo ti tú lórí rẹ̀.

"Igi kọ́ ló ń mu epo yín," Bàbá ní. "Ìdúró ni.
Àáké mi kì í mu nǹkan kan
bí mo bá ti fi í ti ògiri."

Lọ́jọ́ kejì a kó ìtì jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.
Kálukú ti wá bàtà rẹ̀.
Àwọn onígaàrí ná ọjà wọn nínú ìdákẹ́jẹ́, wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Fámúyìwá rẹ ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀;
kí ló ń bú bí ẹkùn sí
nítorí igi tí kò lè sá?
Ọgbọ̀n ìtì, ayìn wà níbẹ̀.
Lítà méjì, ó lé díẹ̀.
Mo tún ẹ̀rú náà tì bọ̀ ọ́, n kò gbà á gbọ́.

Mo ra mọ́ínmọ́ín fún Fámúyìwá.
Kò béèrè ìdí. N kò sọ.

Lálẹ́, Bàbá gba ẹ̀rú lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú.
"Ó ń rùn."
"Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́."
"Fi sílẹ̀. Òógùn mi ló ń rùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."
Ó gbé e lé èjìká òsì bí ẹni tí ń toko bọ̀,
ó rìn ín dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
ó fi í ti ògiri.